Íǹṣì Kan Péré: Àlàyé lórí Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Ford Mustang Àkọ́kọ́



Nígbà tí wọ́n lẹ ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ ara ògiri, mo gbọ́ pé àwọn kan bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n ṣèèṣì fi orúkọ mi sí abẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá lábẹ́ mọ́tò? Ìdáhùn mi kò gùn. Ewì, ìtàn àti eré-oníṣe nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí èdè ń ṣe. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa jiyàn mọ́ pé èdè wa lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí a máa gbé ẹrù náà. Èyí tí mo mú wá lónìí jẹ́ ti irin, ó sì ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ hàn kedere ju ti ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni èyí: bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ́ràn sí ẹni tí ó ń wà á wà lọ́wọ́ ipò tí irin kan wà sí irin kejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ra irin tí ó le jù lọ ní ọjà, kí ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ náà sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè ṣe àtúnṣe ńlá láìra irin tuntun kan.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tí ó wáyé ní New York. Láàárín ọdún kan, èyí tí wọ́n tà ju 400,000 lọ. Kí ọdún 1966 tó dé ìdajì, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ náà rẹwà. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, owó rẹ̀ kò sì ga ju ohun tí ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lè san díẹ̀díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tuntun ni wọ́n fi bo ara àtijọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti Falcon, ọkọ̀ kékeré kan tí Ford ti ń tà láti ìparí ọdún 1959 fún àwọn tí ń lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́ láìlérò àtisáré. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà tí kò wúwo ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń wọn ara Falcon. Nígbà tí ó di ti Mustang, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ sínú imú rẹ̀. Èyí tí ó lágbára jù lọ nínú wọn lọ́dún 1965 ní agbára ẹṣin 271. Ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ lọ ni ó wá jókòó lé ẹsẹ̀ iwájú.

Irú ọkọ̀ báyìí, tí ara rẹ̀ kéré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ iṣan ara pè. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìpínsísọ̀rí yóò sọ pé ìsọ̀rí mìíràn ni ti Mustang, pé ẹṣin kékeré ni àwọn ń pè é. N kò ní bá wọn jà. Àrùn kan náà ni ó ń ṣe gbogbo wọn. Lójú ọ̀nà tí ó tọ́ gbọọrọ, kò sí ohun tí ó ń dùn mọ́ni bíi wọn. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, awakọ̀ a yí sítíárì, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ a máa fẹ́ lọ tààrà sínú igbó tí ó wà níwájú.

Bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ tí n ó máa pe àwọn irin wọ̀nyí. Àwọn mẹkáníìkì wa ti ṣe iṣẹ́ ìsọlórúkọ kí àwa ọ̀mọ̀wé tó jí lójú oorun: sípíríǹgì, ṣọ́kì, búṣì, bóòtù. N kò rí ìdí tí a ó fi da orúkọ tí gbogbo gáréèjì mọ̀ nù, kí a wá máa hun tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ní pè. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti hàn tó, n ó ya orúkọ lọ́wọ́ ara ènìyàn.

Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, apá méjì ni ó di táyà iwájú mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èjìká apá kọ̀ọ̀kan wà lára ọkọ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ táyà. Ní èjìká, búṣì ni ó ń jẹ́ kí apá lè lọ sókè sódò. Ní ọrùn ọwọ́, bọ́ọ̀lù irin kan wà nínú ihò rẹ̀, bí eegun itan ti wà nínú ihò ìbàdí, òun ni ó sì ń jẹ́ kí táyà lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irin tí ó so ọrùn ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni táyà so mọ́, irin yìí náà sì ni sítíárì ń fà nígbà tí a bá fẹ́ yà. Apá òkè kúrú, apá ìsàlẹ̀ gùn. Nítorí pé apá ìsàlẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo, ọ̀pá kan tún na láti ara rẹ̀ lọ síwájú kí ó má baà máa yẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a to apá méjì sí báyìí, orí apá ìsàlẹ̀ ni sípíríǹgì ń jókòó lé. Ti Mustang kò rí bẹ́ẹ̀. Orí apá òkè ni wọ́n gbé e lé, ó sì gòkè lọ sínú àpótí irin gíga kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣọ́kì wà ní àárín sípíríǹgì náà. Ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò rí orí àpótí méjèèjì tí wọ́n yọ sókè lọ́tùn-ún lósì. Òpó ni n ó máa pè wọ́n. Ara òpó yìí náà ni wọ́n fi bóòtù méjì de èjìká apá òkè mọ́. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ìwúwo iwájú ọkọ̀ ni ó ń gba ara òpó wọ̀nyí kọjá kí ó tó dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ tí a jó pọ̀ ni wọ́n fi ṣe òpó. A ó padà sórí èyí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọkọ̀ fi eré yà sọ́wọ́ òsì. Ara ọkọ̀ yóò fì sọ́tùn-ún, bí èrò inú bọ́ọ̀sì ti ń fì lu ẹni tí ó jókòó tì í. Ìwúwo yóò ya lọ sórí táyà ọ̀tún. Sípíríǹgì ibẹ̀ yóò súnkì, táyà yóò sì gòkè wọ inú ara ọkọ̀. Táyà ọ̀tún yìí ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yíyà. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ọ̀dà, yóò di ọ̀nà mú. Bí orí rẹ̀ bá dagun síta, etí kan ṣoṣo ni yóò máa fi rìn, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì já lára ọ̀nà.

Nísinsìnyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na apá ọ̀tún yín sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ èjìká díẹ̀. Kí ẹni tí ó jókòó tì yín foríjì yín. Ẹ má ká ìgúnpá kò. Ẹ wá máa gbé apá náà sókè díẹ̀díẹ̀. Títí tí ọwọ́ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú èjìká, ńṣe ni ó ń jìnnà sí ara yín. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ ara. Apá kò gùn sí i, kò sì kúrú; ipò rẹ̀ sí èjìká ni ó yí padà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Mustang wà nínú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí. Bí ọkọ̀ náà ti ti ilé-iṣẹ́ jáde, ọrùn ọwọ́ apá òkè wà nísàlẹ̀ èjìká rẹ̀. Nígbà tí táyà bá gòkè ní kọ́nà, apá náà ń ti orí táyà síta ní àkókò gan-an tí ó yẹ kí ó máa fà á wọlé. Ara ọkọ̀ ti fì síta, ó sì ń gbé táyà dání lọ. Apá òkè tún wá ń tì í. Abájọ tí imú ọkọ̀ kò fi fẹ́ yà. Ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ kọ́, kò sì sí irin tí ó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe tò ó ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Klaus Arning, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Ford tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni ó ṣe ojútùú ọ̀rọ̀ yìí. Ojútùú náà ni pé kí a sọ èjìká apá òkè kalẹ̀ ní íǹṣì 1. A ó lu ihò tuntun méjì sí ara òpó kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 1 sísàlẹ̀ ihò ti àkọ́kọ́, a ó sì de apá kan náà síbẹ̀ pẹ̀lú bóòtù kan náà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Nítorí pé èjìká ti wálẹ̀, ọrùn ọwọ́ ti súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń dọ́gba. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni apá fi ń ti táyà síta mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọlé. Ara ọkọ̀ lè máa fì síta. Orí táyà ń padà sínú láti bá a mú ìwọ̀n.

Èrè kejì wà níbẹ̀ tí ojú kò tètè rí. Nígbà tí ara ọkọ̀ bá ń fì, ó ní ojú ibì kan tí ó fi ṣe ìdí, gẹ́gẹ́ bí igi ti ń fì láti ìdí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti jìnnà sísàlẹ̀ àárín ìwúwo ọkọ̀ tó ni fífì náà ṣe ń pọ̀ tó. Sísọ èjìká apá òkè kalẹ̀ ń gbé ibẹ̀ sókè. Nítorí náà ọkọ̀ yóò dín fífì kù láìjẹ́ pé a sọ sípíríǹgì rẹ̀ di líle. Ẹ̀wẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí sípíríǹgì jókòó lé apá òkè, imú ọkọ̀ yóò wálẹ̀ díẹ̀, ó ju ìdajì íǹṣì lọ. Èyí kò burú.

Carroll Shelby ni ó sọ ìmọ̀ yìí di ohun tí ènìyàn lè fi owó rà. Ọmọ Texas ni, awakọ̀ ìdíje tí ó ti gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1959 kí ó tó di ẹni tí ń ṣe ọkọ̀. Ford kó Mustang fún un láti sọ di ọkọ̀ ìje, ó sì bí GT350 ti ọdún 1965. Ó mú agbára ẹṣin rẹ̀ dé 306, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, ṣùgbọ́n ó lu ihò wọ̀nyẹn pẹ̀lú. Ó fi ọ̀pá amúdúró tí ó nípọn íǹṣì 1 sí iwájú, ó fi ṣọ́kì Koni sí i, ó sì fi irin de òpó méjèèjì mọ́ra wọn àti mọ́ ara ọkọ̀. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe, ó tilẹ̀ gbé bátìrì kúrò nínú imú lọ sínú búùtù nítorí àtidín ìwúwo iwájú kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1965, Ken Miles wa ọ̀kan nínú wọn ní Green Valley ní Texas, ó sì borí nínú ìdíje tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kópa. Kí ọdún náà tó parí, Jerry Titus ti fi GT350 gba ipò àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà nínú ìsọ̀rí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Nígbà tí ó di ọdún 1966, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe díẹ̀ nínú GT350 ti ọdún náà, wọ́n dáwọ́ lílu ihò dúró láti dín owó iṣẹ́ kù. Ihò mẹ́rin! Mustang lásán tí àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé ọmọ wọn sí kò tilẹ̀ rí ihò náà rárá ní ọdún tí Shelby ń fi í gba ife-ẹ̀yẹ. Ìmọ̀ wà nínú ilé; ẹni tí ó lówó ìje ni ó rí i lò. Ní ìparí ọdún 1965 kan náà ni Ralph Nader tẹ ìwé *Unsafe at Any Speed* jáde. Orí kìíní ìwé náà dá lórí Corvair tí ilé-iṣẹ́ Chevrolet ṣe, ní pàtàkì àwọn ti 1960 sí 1963, tí kò ní ọ̀pá amúdúró níwájú. Ọdún 1964 ni wọ́n tó fi í sí i. Òtítọ́ ni pé nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí tirẹ̀, èsì tí ó jáde lọ́dún 1972 kò rí i pé Corvair burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi èyí wẹ Chevrolet mọ́. Èmi kà á sí ẹ̀sùn lórí gbogbo ẹgbẹ́ náà. Òfin ààbò ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 fi hàn pé n kò dá nìkan rò bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe yòókù

Mustang àkọ́kọ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, wọ́n sì ṣì ń rìn. Àwọn tí ó ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ òní lójú ọ̀nà kan náà, èyí kò sì ṣeé ṣe bí ẹsẹ̀ iwájú bá wà bí ó ti wà. Kí ni kí wọ́n ṣe lẹ́yìn ihò?

Kí wọ́n tilẹ̀ tó lu ihò, kí wọ́n yẹ òpó wò. Mo ti sọ pé irin pẹlẹbẹ ni. Ìpẹtà àti ọdún pípẹ́ ń jẹ́ kí ó la níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ìwúwo sì ń tì wọ́n súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀n tí a bá fi sí ara òpó tí ń mì kò lè dúró. Irin kan wà tí ó so òpó méjèèjì mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, èyí tí Ford ń fi sí àwọn Mustang tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun. Òmíràn dábùú láti òpó kan sí èkejì lórí ẹ́ńjìnnì. Owó wọn kò tó nǹkan. Bí mo bá ní kí n yan ohun méjì péré fún olówó kékeré, irin ìdè wọ̀nyí àti ihò mẹ́rin yẹn ni n ó yàn.

Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì gba sùúrù. Nítorí pé ó jókòó sí nǹkan bí àárín apá òkè, bí táyà bá gòkè ní íǹṣì 2, nǹkan bí íǹṣì 1 ni sípíríǹgì ń súnkì. Agbára rẹ̀ tún ń dín kù sí ìdajì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ táyà. Ìdajì nínú ìdajì sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ra sípíríǹgì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 400 pọ́n-ùn fún íǹṣì kan, nǹkan bí 100 ni táyà yóò mọ̀. Nítorí èyí, iye tí a bá kà lára sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn kò wúlò níbí. Ní ti àwọn tí ń fi iná jó sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, n kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí a pè wọ́n. Iná ń pa agbára inú irin, ó sì lè ṣẹ́ ní ọjọ́ tí a kò rò.

Lábẹ́ sípíríǹgì ni ìjókòó rẹ̀ wà, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe búṣì rẹ̀. Nígbà tí apá bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà yìí ń lọ́, ó ń fà sẹ́yìn, apá kò sì lè rìn fàlàlà. Àwọn kan ti ń ṣe ìjókòó tí ó ní bíárìn dípò rọ́bà. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ ń hàn sí ọwọ́ awakọ̀. Búṣì èjìká apá òkè ní tirẹ̀ ń fẹ́ gíríìsì, ibi tí a ó ti fún un sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sílẹ̀. Ariwo tí Mustang àtijọ́ ń pa bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti gbẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń wá.

Ṣọ́kì kò gba àlàyé púpọ̀: kí ó jẹ́ tuntun, kí ó sì bá sípíríǹgì mu. Ọ̀pá amúdúró, èyí tí ó dábùú lábẹ́ imú láti apá ìsàlẹ̀ ọ̀tún dé ti òsì, ni àwọn ènìyàn ń fi tètè ṣe àṣìṣe. Ó ń dín fífì kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ńṣe ni ó tún ń kó ìwúwo kún orí táyà ìta níwájú, imú ọkọ̀ yóò sì padà sí ìwà àìgbọràn tí a ń sá fún. Íǹṣì 1 tí Shelby lò ti tó fún ọ̀nà ìgboro.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí táyà, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ ìwé kíkà. Ìwọ̀n tí Ford tẹ̀ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà ọdún 1965 jẹ́ ìwọ̀n fún táyà ayé ìgbà náà, èyí tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn. Lóòótọ́, Michelin ti gba ìwé-àṣẹ lórí táyà tí okùn rẹ̀ lọ tààrà láti etí dé etí láti ọdún 1946, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò tètè gbà á. Lincoln Continental Mark III ti ọdún 1970 ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó fi í ṣe táyà àjùmọ̀wá. Irú táyà kejì yìí ni gbogbo wa ń lò lónìí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, ohun tí ó sì ń fẹ́ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìwé ọdún 1965 lọ bá aláímẹ́ǹtì lónìí tí ó ní kí ó tẹ̀ lé e ní ẹyọ-ẹyọ, ó ka ìwé náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.

Ohun mẹ́ta ni a ń wọ̀n. Èkínní ni ìdagun táyà, bóyá orí rẹ̀ fì síta tàbí sínú. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí ó fì síta díẹ̀. Táyà òní ń fẹ́ kí ó fì sínú ní ìdajì dígírì sí dígírì 1. Èkejì ni ìrọ̀gbọ̀kú, èyíinì ni bí ìlà tí ó gba bọ́ọ̀lù méjèèjì kọjá ti fara tì sẹ́yìn tó. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere: irin tí ó di táyà iwájú rẹ̀ mú kò dúró ṣánṣán, ó fara tì sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè jùwọ́ sílẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ sì ń lọ tààrà. Ford fún Mustang ní díẹ̀ péré kí sítíárì lè fúyẹ́ lọ́wọ́. Dígírì 2 sí 3 ni ó yẹ ẹ́ lónìí. Sítíárì yóò wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa padà sí àárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Ẹ̀kẹta ni bí iwájú táyà méjèèjì ti súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ. Ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì tó. Ní ti 1965 àti 1966, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a ń kì bọ àárín òpó àti èjìká apá òkè ni a fi ń mú àwọn ìwọ̀n méjì àkọ́kọ́. Láti 1967, tí wọ́n ti fẹ iwájú ọkọ̀ ní íǹṣì 2 láti gba ẹ́ńjìnnì tí ó tún tóbi sí i, bóòtù ìdí apá ìsàlẹ̀ àti ọ̀pá tí ó na síwájú ni a ń lò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò fi odidi ọjọ́ kan wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan rò pé bí íǹṣì 1 bá dára, íǹṣì 2 yóò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù inú ọrùn ọwọ́ ní ibi tí ìyípo rẹ̀ mọ. Bí èjìká bá lọ sílẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù yóò máa fi ọrùn gbá etí ihò rẹ̀ nígbà tí apá bá dé òpin ìrìn rẹ̀, yóò sì ṣẹ́. Ẹ̀yà irin onígun kan wà tí ó ń tún ìdojúkọ bọ́ọ̀lù ṣe fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá íǹṣì 1; ẹni tí kò bá ní i, kí ó dúró níbi tí Shelby dúró sí. Sípíríǹgì tí a fún pọ̀ tún lè pa ènìyàn bí ó bá bọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: irin tí a ṣe fún fífún un pọ̀ láti òkè òpó ni kí a lò, a kò gbọdọ̀ fi wáyà àti ìgbàgbọ́ dípò rẹ̀. Kí n sì sọ ọ́ wéré: àwọn tí wọ́n ṣe títí dé 1966 ní ojú ọ̀nà epo bírékì kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé bí ó bá jò níbì kan, bírékì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó lọ. Ẹni tí ó bá ń mú ọkọ̀ yá sí i ní kọ́nà láìtún èyí ṣe, n kò bá a wọkọ̀.

Àríyànjiyàn kan kù tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ mi gan-an. Ẹgbẹ́ kan wà láàárín àwọn olówó Mustang tí wọ́n ní kí a má ṣe lu ihò kankan, nítorí pé bí ọkọ̀ ti ti ilé-iṣẹ́ jáde ni ó níyì. Ẹgbẹ́ kejì ń gé òpó méjèèjì sọnù pátápátá, wọ́n á jó ẹsẹ̀ iwájú tí ó jọ ti Mustang II ti ọdún 1974 mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí àyè lè gba ẹ́ńjìnnì ńlá. Mo mọ ìran méjèèjì yìí láàárín àwọn tí ń tún ìwé àfọwọ́kọ tẹ̀. Ọ̀kan kò ní fọwọ́ kan àṣìṣe akọ̀wé tí ó hàn sí gbogbo ayé. Èkejì á tún ìwé náà kọ, yóò sì fi orúkọ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti àwọn tí ń gé òpó, yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà, ìṣòro agbára wà níbẹ̀: orí òpó ni wọ́n ṣírò pé kí ìwúwo gbà, wọ́n sì wá gbé e lọ sórí irin ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣírò rẹ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ń fi irin kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn bí ọkọ̀ náà bá ṣì ń rìn lójú ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà. Íǹṣì kan péré ni ó wà láàárín ihò àtijọ́ àti ihò tuntun, ọ̀kan kò sì jẹ èkejì. Ihò tí Ford lu lọ́dún 1965 ṣì wà lára òpó níbi tí ó wà, ó ṣófo, ojú sì lè rí i. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, yóò tú bóòtù mẹ́rin, yóò sì dá apá òkè méjèèjì padà sí ipò wọn àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.